Òùngbẹ Agbẹjọ́rò

Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga ni Ìyá Oníyìnyín ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Fíríìjì rẹ̀ tutù débi pé ọwọ́ tó bá gbé ìgò níbẹ̀ á kú títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò débẹ̀ rí ni. Ìgò tó tutù jù, ìsàlẹ̀ ló máa ń fi í pamọ́ sí, lẹ́yìn omi tí ẹnikẹ́ni kì í rà, fún oníbàárà tó fẹ́ràn jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni, Agbẹjọ́rò ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ lè mú ògiri gbà pé òun jẹ̀bi. Ìyá Oníyìnyín kò bímọ. Ọmọ yìí nìkan ló ń pè é ní màmá láìwá àwìn.

Nígbà tí ìdánwò sún mọ́lé, ọmọ náà ń rù, ọrùn rẹ̀ tínrín bí ọrùn ìgò. Kò tíì mu ọ̀kan tán tó ti ń nawọ́ sí òmíràn. Ìyá ní ìwé ló ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ló bá ń ṣa èyí tó dùn jù fún un kó lè lágbára. Kódà nígbà tí èèrà bo ẹ̀yìn ògiri tí ọmọ náà ń tọ̀ sí, ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe.

“Agbẹjọ́rò, àwọn tó fẹ́ kó o gba ẹjọ́ wọn rò ti tò lẹ́yìn ògiri o.”

“Ẹ ní kí wọ́n dúró, màmá. Ẹ fún mi ní ọ̀kan sí i ná.”

Ó fún un. Ìyẹn ló mu kẹ́yìn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló ṣubú ní kíláàsì, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti rà. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ó ní ọtí dídùn kọ́ ló bí i, ṣùgbọ́n gbogbo ìgò tó ń mu ló ń tì í sún mọ́ kòtò. Kò jí mọ́. Ọwọ́ tí màmá fi ń kẹ́ ẹ, òun náà ló fi tì í.

Nígbà tó padà sí ìsọ̀, omi ló kó kún fíríìjì. Ọtí dídùn wà nínú páálí nílẹ̀, ó gbóná bí omi ìwẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Olómi, wọ́n ń sọdá lọ bá ẹlòmíràn rà. Ọjà kú.

Ọ̀sán kan, ọmọbìnrin kan tí ètè rẹ̀ ti gbẹ sá wọlé, ó ní kó fún òun ní ọtí dídùn méjì, bó gbóná bó tutù.

“Ọmọ mi, lóru àná, ṣé o sùn, àbí ìtọ̀ ló ń jí ọ?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó wá rò ó, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Oníyìnyín gbé omi fún un, ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ. Kò rántí ti ìsọ̀.