Ọjọ́ Méje fún Ilé Àgbà

Ogun Ìjàyè ti wọ ọdún kejì, àbúlé wa lọ́nà Akanran kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọkùnrin mọ́, nígbà tí àwa ìyàwó ilé dá ẹrù ogun dúró. Ẹ̀yin ọmọdé máa ń sọ ọ́ bí ìtàn ayọ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà níbẹ̀ sọ bó ṣe rí.

Ilé Àgbà ni ilé àkọ́kọ́ tí àwọn tó sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé kọ́ síbí. Òpó méjì nínú rẹ̀, láti ọ̀hún ni wọ́n ti rù wọ́n wá. Apá mẹ́rin ni òrùlé rẹ̀ ní, wọ́n yí àgbàlá ká. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn ọkùnrin á gé koríko bẹẹrẹ, wọ́n á tú apá kan, wọ́n á tún un bò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kan apá kejì. Nígbà tí ọdún mẹ́rin bá fi pé, gbogbo rẹ̀ ti di tuntun. Àwa obìnrin la máa ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ògiri. Bàbá Ilé, olórí agboolé wa, ló máa ń sọ apá tó kàn.

Ogun kó àwọn ọkùnrin lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá láìsí ẹni tó gun òkè òrùlé. Òjò ń wọlé láti apá ìlà-oòrùn, ikán sì ti mú òpó kan. Bàbá Ilé ní, "Bí òjò mìíràn bá bá a báyìí, ògiri á wó."

Nígbà tí ìránṣẹ́ ológun dé pé kí a ru èlùbọ́ lọ sí bùdó, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ilé Àgbà. Àwọn yòókù sọ tiwọn tẹ̀ lé e.

"Kí lẹ fẹ́?" ìránṣẹ́ náà bi wá.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọkùnrin mẹ́rin, bàbá, fún ọjọ́ méje, lọ́dọọdún, lásìkò bẹẹrẹ."

"Ebi ń pa àwọn ọkọ yín lójú ogun, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ koríko!"

"Àwọn náà ló ń bo ilé yìí kí ẹ tó kó wọn lọ. Níbo lẹ fẹ́ kí wọ́n padà sí?"

Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó ti ẹrù. Lọ́jọ́ kẹta, ìránṣẹ́ náà gbà níwájú Bàbá Ilé pé ọdọọdún ni wọn yóò máa wá. A ru èlùbọ́ náà lọ.

Ọkùnrin mẹ́rin wá lóòótọ́. Ọkọ mi, Bàbá Àṣàkẹ́, wà lára wọn. Wọ́n bo apá ìlà-oòrùn, wọ́n pààrọ̀ òpó tí ikán jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ keje, bí ọkọ mi ṣe ń fọ ọwọ́, ó ní, "Wọ́n ní ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀."

"Èmi ni."

"O ṣeun tí o jẹ́ kí n rí ilé."

Nígbà tí wọ́n ń padà, àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n lọ́nà. Ẹnì kan ṣoṣo ló bọ́, ó fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pa ọkọ mi. Kò sóhun tó ṣe àwọn tó wà ní bùdó lọ́jọ́ náà. Ìyá ọkọ mi wí fún mi pé, "Ká ní o jẹ́ kó wà níbi tó wà."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìránṣẹ́ mìíràn ló wá. Ó ní òun ò gbọ́ nípa àdéhùn kankan. Àwa obìnrin fúnra wa gun òkè, ṣùgbọ́n a ò mọ bí wọ́n ti ń so igun tí apá méjì ti pàdé. Apá gúúsù tí a bò wó, pẹ̀lú òpó Ọ̀yọ́ Ilé kan. Bàbá Ilé ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn.

Apá ìlà-oòrùn ṣì dúró. Ọjọ́ méje péré la rí gbà nínú ìlérí ọdọọdún, wọ́n ṣì jẹ wá ní ìyókù. Ẹni tó bọ́ lọ́jọ́sí ń fi ẹnu kọ́ Àṣàkẹ́ ọmọ mi bí wọ́n ti ń so igun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí Àṣàkẹ́ bá gun òkè, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń lọ jókòó sí, títí wọn yóò fi wá sọ fún mi pé ó ti sọ̀ kalẹ̀.