Bí Màámi Bá Ṣẹ́jú

Ìtasánsán pọ́fùpọ́fù ló rán mi létí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti Àmọ̀kẹ́, ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, yà kí aládùúgbò wa kan níbí ní Thamesmead, ní London. Obìnrin náà ń din pọ́fùpọ́fù lọ́wọ́. Ká tó jókòó dáadáa, ó ti bi ọmọ náà bóyá á jẹ. “Yes please, Auntie! Mẹ́ta!” ni Àmọ̀kẹ́ wí. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Òógùn bò mí, nítorí láyé ìgbà tiwa, ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti wọ gàù.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Màámi kì í pariwo, kì í sì í na ọmọ níta. Ojú ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí a bá lọ kí èèyàn, tí onílé gbé oúnjẹ wá, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìkọ́kọ́ wojú Màámi. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó yá, ẹ jẹun. Bó bá ranjú mọ́ wa, a ó ní, “Mo ti yó, ẹ ṣé, mà.” Onílé á tún rọ̀ wá, a ó tún kọ̀. Nígbà mìíràn, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ojú Màámi á rọ̀. Mo rántí dòdò Ìyá Ṣadé, tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa. Ó pọ́n dáadáa, òróró ṣì ń hó lára rẹ̀. Mo ní mo ti yó, inú mi sì kùn tó bẹ́ẹ̀ tí ajá wọn fi dìde wá wò mí. Inú bí mi lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo dàgbà, mo wá sí London, àmọ́ ojú yẹn bá mi wọ bàálù. Connaught Estate ní Woolwich ni mo ń gbé kí wọ́n tó wó o, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Lọ́dún kẹfà mi níbẹ̀, àyè ọ̀gá àwa olùtọ́jú ṣí sílẹ̀. Ipò yẹn wù mí débi pé mo ń lá a lálàá. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, máníjà wa, obìnrin òyìnbó kan, pè mí, ó ní ṣé mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ọmọ, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, “No, thank you, don’t worry.” Mo wá dúró kó rọ̀ mí.

Kò rọ̀ mí o. Ó ní kò burú, pé tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á fi lọ ọmọbìnrin kan tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́. Mo sunkún délé.

Màámi wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ó wá kí wa láti Nàìjíríà. Lọ́jọ́ Àìkú, mo mú un lọ wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich, èyí tó ń gbé èèyàn sọdá Thames lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbádùn rẹ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ tí a bọ̀. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti rojọ́ mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Ó tún un wé.

“Ìyá Ṣadé ò ní nǹkan kan, ọmọ mi,” ló wí. “Oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀ ló máa ń gbé fún àlejò, kójú má baà tì í. Ìdí tí mo fi ń ranjú mọ́ yín nìyẹn. Ṣé òyìnbó yìí náà ò ní ni?”

“Ó ní, Màámi.”

“Kí lo wá ń kọ̀ fún?”

Gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé ó kàn fẹ́ kí wọ́n máa yìn ín pé ó kọ́ ọmọ ni. N ò mọ̀ pé àánú ni. Ojú tì mí, inú mi sì tún dùn.

Lọ́jọ́ Ajé, Màámi tẹ̀lé mi lọ síbi iṣẹ́, ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo bá máníjà kó tó rí ọmọbìnrin náà, mo ní mo ti tún un rò, mo fẹ́ ipò náà.

“Are you sure?” ló bi mí.

Ọrùn mi yí fúnra rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Màámi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

“Yes, please!” Ohùn mi ga débi pé bàbá arúgbó kan ta jí lójú oorun. Bí mo ṣe di ọ̀gá nìyẹn.

Màámi ti dolóògbé báyìí. Ọmọ mi kì í ranjú mọ́ Àmọ̀kẹ́. Àlàyé ló máa ń ṣe fún un, nígbà mìíràn odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìbọ̀sẹ̀ lásán. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, Àmọ̀kẹ́ mọ ohun tó fẹ́, kò sì bẹ̀rù láti sọ ọ́, ohun tó gbà mí ju àádọ́ta ọdún lọ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́jọ́ pọ́fùpọ́fù yẹn, ó jẹ méjì tán. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó wo àwo, ó rí i pé ó ti ṣófo, ó wá wo ọwọ́ mi tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ranjú mọ́ ọn.

“Grandma, ṣé ẹ fẹ́?”

“Mo ti yó,” lẹnu mi sọ kí n tó mọ̀.

Kò rọ̀ mí. Ó ti la ẹnu láti jẹ ẹ́.

“Dúró!” ni mo yára wí. “Mú un wá.”

Ó pín in sí méjì, ó sì fún mi ní èyí tó tóbi.