Hẹdifóònù Tó Bo Etí Mi Méjèèjì

Mi ò yọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n yọ ọ́. Àǹtí tó ń tọ́jú fáìlì ní kí n yọ ọ́. Ìyá tó bí mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti Èkìtì, ó ránṣẹ́ pé kí n yọ ọ́ kí n má baà kó ìtìjú bá òun. Mo gbọ́ gbogbo wọn, mo sì dé e padà sórí.

Táípíìsì ni mí nígbà náà, ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Ìdímù, láwọn ọdún tí èèyàn ṣì lè dúró ní Ìgàndó kó máa wo oko ẹ̀gẹ́ lọ títí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wa wà. Ẹ̀rọ ìlọta mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀, wọn kì í sinmi láti àárọ̀. Tí wọ́n bá ti ń lọ ata, ife tíì mi a máa rìn lórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ata kọ́ ni olórí ariwo. Àwọn onílẹ̀ ni. Ní tiwọn, bí ẹbí bá fẹ́ ta ilẹ̀, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rán èèyàn wá, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí bàbá ńlá wọn fẹ́. Wọn kì í sì í jókòó síbi tí a ti ń gbàlejò. Wọ́n a wá yí tábìlì mi ká, wọ́n a máa wo ìka mi. Ó dá wọn lójú pé bí àwọn ò bá dúró ti táípíìsì, yóò ta àwọn fún ìdí-igi mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ìṣọ́ tí wọ́n ń ṣọ́ mi yẹn gan-an ló fa gbogbo wàhálà.

Lọ́jọ́ kan, ìwé ilẹ̀ àwọn ọmọ ìyàwó kẹta ni mò ń tẹ̀. Ọkùnrin kan láti ìdí-igi kejì, alágbádá, ohùn rẹ̀ bí fèrè lọ́rí, dúró sẹ́yìn mi gan-an. Ó ń bá àwọn yòókù jà lókè orí mi. "Ìdí-igi kejì ló ni ibẹ̀! Kejì ni mo wí! Kejì!" Mo tẹ "kejì". Ìka mi ló tẹ̀ ẹ́, èmi kọ́. Kò sẹ́ni tó rí i títí gbogbo wọn fi tẹ̀ka. Ìgbà tí wọ́n wá rí i, alágbádá yìí gbá ìwé náà mọ́yà, ó ní ìwé ti sọ̀rọ̀, òun ò gbà kí ẹnikẹ́ni fà á ya. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ kó tó tú u sílẹ̀.

Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Àṣìṣe kan péré sí i, kí o máa lọ sílé." Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń dá gbé yàrá kan ní Ẹgbẹ́dá. Yàrá yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní. Bí iṣẹ́ bá bọ́, Èkìtì ni mo máa padà sí, níbi tí wọ́n ti tò jókòó láti bi mí pé ọkọ dà. Mo pinnu pé mi ò lọ.

Sọ̀fẹ́yọ̀ kan tó máa ń gbé àwòrán ilẹ̀ wá fún wa ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn mí. Ó fi wọ́kúmáànì kọ́ bẹ́líìtì, ẹ̀rọ kékeré oníkásẹ́ẹ̀tì tó ń gbọ́ lójú ọ̀nà. Mo ní kó jẹ́ kí n fi sí etí wò. Bí mo ṣe fi sí i, ọ́fíìsì wọlẹ̀. Mo rí ẹnu ọ̀gá mi tó ń lọ sókè sódò, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba Ìkòtún lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, tó sì ń ta tòkunbọ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Owó bàtà Kérésì mi ni mo mú dání. Ó gbé aláwọ̀ fàdákà kan sí mi lọ́wọ́.

"Àǹtí, èyí ni kí ẹ mú jàre. Ó ní rédíò, ó ní béèsì, iná pupa ń tàn lára rẹ̀."

"Ṣé ó máa borí ariwo?"

"Ariwo wo? Ẹ gbọ́ ná."

Mo gbọ́ ọ. Ó dùn. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ ata."

Ó wò mí. "Ara yín yá ṣá?"

"Lórí ẹ̀rọ ata ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti máa gbọ́ ọ kí n tó rà á."

"Ata máa ta sí i lára o!"

"Ẹ fi ọ̀rá wé e."

Ó kùn, ó kùn, ó fi ọ̀rá wé mẹ́ta, ó sì tẹ̀ lé mi. Àwọn obìnrin tó to abọ́ ata kalẹ̀ rò pé mo fẹ́ gba iwájú wọn lórí ìlà ni. "Ẹ̀yìn ni kí ẹ tò sí o! Ata wa ti wà níbí láti àárọ̀!" Mo sọ fún wọn pé mi ò ní ata. Mo lọ dúró ti ẹ̀rọ náà pẹ̀lú okùn létí, mo dijú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún mi díẹ̀díẹ̀.

Aláwọ̀ fàdákà ò wúlò. Gbogbo béèsì rẹ̀, ẹ̀rọ ata gbé e mì, ó sì ń jẹ bátìrì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì tí mo máa ń sá sóòrùn lójú fèrèsé kó lè tún jí, ibo ni màá ti rí mẹ́rin? Ìkejì rẹwà, ó fẹ́lẹ́, àmọ́ ó jẹ kásẹ́ẹ̀tì lójú wa níbẹ̀, a fi bírò yí i padà wọlé. Ìkẹta dúdú, ó wúwo, igun rẹ̀ kan ti sán. Kò ní rédíò, kò ní iná. Ṣùgbọ́n bí apá kan kásẹ́ẹ̀tì bá tán, ó ń dá yí ara rẹ̀ sí apá kejì. Ìyẹn ni pé mi ò ní gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ táípù. Òun ni mo mú.

Ó wá ku ti etí. Èyí tó dára jù níbẹ̀ ni hẹdifóònù ńlá kan tí wọ́n fi awọ tìmùtìmù yí etí rẹ̀ po, tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tí mo dé e, ẹ̀rọ ata kú pátápátá. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àǹtí tó ń tọ́jú fáìlì ń ròkè ròdò nínú mi: "Èyí tí síkáàfù máa bò ni kí o rà, kí ọ̀gá má rí i." Ni mo bá mú íápíìsì, àwọn kóró kéékèèké tí wọ́n ń tì bọ etí. Ẹ̀rù ló bá mi rajà lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbádùn. Mo tètè rí i pé orin tí wọ́n ń kọ ò dáa fún mi, torí bí olórin bá ṣe ń wí ni ìka mi á máa tẹ̀ ẹ́. Mo lọ bá ẹni tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ ní Ẹgbẹ́dá, ó da gìtá lásán sí ojú méjèèjì fún mi, láìsí ẹnu ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ń tẹ̀wé bí ẹni ń jó.

Lẹ́yìn náà ni bàbá dé. Òun ni olórí ẹbí àwọn onílẹ̀ Ìgàndó tí mo tẹ "kejì" fún, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn. Ògiri ni tábìlì mi kọjú sí nígbà yẹn, ẹ̀yìn mi ló wà lọ́dọ̀ ilẹ̀kùn. Bàbá wọlé, ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o." Àwọn yòókù kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Èmi ń mi orí sí gìtá. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ọmọ yìí, mò ń kí ọ." Mo ń mi orí. Ní ìgbà kẹta, ó fi ọ̀pá na tábìlì mi, mo fò sókè, okùn já bọ́ kúrò lábẹ́ síkáàfù.

"Ẹ má bínú sà. Mi ò gbọ́ ni."

Ọ̀gá mi ti jáde sí wa. "Ta ló bi ọ́ bóyá o gbọ́? Àgbàlagbà kí ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ wọ́n!"

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì ni mo fi kanlẹ̀, mo sì bẹ bàbá tọkàntọkàn, torí tíṣà ló bí mi, mo mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí i. Ojú tì mí gan-an.  Bàbá ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ti ń sanwó fún ọmọdé kó máa gan àgbà.

Ọ̀gá ní, "Ó yá, yọ nǹkan yẹn, kí o lọ jù ú síta."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Mo ní, "Sà, mo bẹ bàbá nítorí ìkíni. Ẹ̀bi mi ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ọ́. Bí mo bá yọ ọ́, màá tún tẹ kejì síbi ẹ̀kẹta, ẹ ó lé mi. Bí mi ò bá yọ ọ́, ẹ ó lé mi. Ẹ jẹ́ kí n yan èyí tí orí ò ti ní fọ́ mi."

Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu.  Ọ̀gá mi ní gbogbo ìdí-igi márààrún ń bọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè wá tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀ wọn tuntun. Kí n fi ìranù etí mi tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣì, kí n gbé wọ́kúmáànì mi, kí n máa lọ.

Mo ro ó nílé. Bàbá ò bínú pé mi ò gbọ́. Kò mọ̀ pé mi ò gbọ́ ni. Ohun tí mo fi pamọ́ sábẹ́ síkáàfù ló sọ mí di aláfojúdi. Mo padà sí Ìkòtún. Mo ní, "Ẹ gba kékeré yìí, ẹ fún mi ní ńlá yẹn."

"Àǹtí, gbogbo ayé ló máa rí i o!"

"Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè náà, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo wọ́ tábìlì mi yí padà kó kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo kọ ọ́ sí pátákó kékeré kan, mo gbé e síwájú: ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó wá síwájú mi, kó kan tábìlì. Nígbà tí àǹtí dé, ó ní, "Ta ló ní kí o yí i?" Mo ní èmi ni. Mo ṣí síkáàfù, mo gbé hẹdifóònù lé orí.

Wọ́n dé, wọ́n yí mi ká bí ìṣe wọn. Mo rí ẹnu, mo rí ìka tó ń tọ́ka, mo rí itọ́ tó ń fò. Mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi gìtá. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ojú mi kan wà ní ilẹ̀kùn. Bí ọ̀pá bàbá ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, mo ti wà lórí orúnkún mi. "Ẹ káàárọ̀ sà!" Torí mi ò gbọ́ ohùn ara mi, mo pariwo rẹ̀ bí ẹni ń pe ọlọ́jà, gbogbo ilé ta gìrì. Bàbá sọ nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tó sọ títí dòní. Ṣùgbọ́n ó mi orí.

Mo parí ìwé náà. Ọ̀gá fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin bàbá, tó jẹ́ tíṣà, tún kà á sókè fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan wà ní àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ò ṣì. 

Alágbádá ti ìdí-igi kejì ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó tẹ̀ka. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó sú bàbá. Ó jókòó ti tábìlì mi, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí hẹdifóònù tó ti wà lọ́rùn mi. Mo gbé e lé e lórí, lórí fìlà. Ó ta kìjí. Lẹ́yìn náà ó dijú, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Àárín rẹ̀ ni alágbádá wọlé. Ó ká aṣọ sókè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú bàbá.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n."

Bàbá ń mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní ẹ káàsán."

Bàbá ń mi orí. Ariwo ilé rọlẹ̀. Alágbádá ṣì wà nílẹ̀, kò lè dìde láìjẹ́ pé wọ́n dá a lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo tún ṣe yín?"

Mo ní, "Ẹ má bínú sí wọn, sà. Wọn ò gbọ́ ni."

Ó gbé orí sókè, ó rí i. "Háà! Wọn ò gbọ́ ni àbí? Kò burú nígbà náà." Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀.

Mo wo ọ̀gá mi. Ó ń wo àjà. Mo dúró kí n rí i bóyá ẹnikẹ́ni máa ní kí bàbá kúnlẹ̀, àbí kó lọ ju hẹdifóònù síta. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ka tán, mo gba hẹdifóònù mi lórí bàbá, ó ṣòro díẹ̀, mo sì dé e padà. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀gá mi ló dúró níwájú mi pẹ̀lú ìwé tó kàn lọ́wọ́. Mo ń wò ó. Ó ka pátákó kékeré náà, ó sì fi ìka kan tábìlì mi.