Àmì Tí Mo Fi Ìṣó Fà Sẹ́yìn Ìdérí Ẹsẹ̀ Mọ́tò

Kí n má purọ́, ọkàn mi kì í tètè balẹ̀ sí èèyàn. Nígbà tí mo wá ra mọ́tò Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Èkó, ìfura náà di àìsàn sí mi lára. Ọwọ́ òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú rẹ̀, ìyẹn ló sú ọkùnrin náà, torí ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ṣì ń gbà ní Èkó nígbà náà, ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́ tiwa ní Dàhòmì, bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń fẹ́ ẹ. Gbogbo ohun tó bá a ti òkè òkun wá ló ṣì wà lára rẹ̀: ẹyẹ onírin tó na ọrùn síwájú lórí imú mọ́tò, aago, rédíò, ìdérí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń dán gbinrin. Bí ọ̀kan bá sọnù, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á ní gbogbo Dàhòmì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo láyé ni mẹkaníìkì tó ń tún un ṣe, ní àdúgbò Djègan-Kpèvi. A jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, òun ló bá mi gbẹ́ ilẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ pé ó ra irú mọ́tò mi, èyí tó ti kú pátápátá, tó sì gbé e sẹ́yìn gàráàjì rẹ̀, ara fu mí. Kí ló fẹ́ fi òkú mọ́tò ṣe, bí kò bá ṣe pé tèmi ló fẹ́ máa tú láti fi tún tiẹ̀ ṣe?

Nígbà tí ìjánu mọ́tò mi bàjẹ́, kí n tó gbé e lọ fún un, mo yọ ìdérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi ìṣó fa àgbélébùú sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin le, irin ni mo fi já a jáde tipátipá. Mo wá dá gbogbo wọn padà sára ẹsẹ̀ mọ́tò. Ìyàwó mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ̀rù yín ń bà mí o.” Mo ní kó lọ gbọ́ ti ọbẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ gbà á. Ọ̀rẹ́ mi kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń yọ ìdérí lójú rẹ̀. Èkíní ní àmì, èkejì ní, ìkẹta ní. Ìkẹrin mọ́ kanlẹ̀.

Mo ní, “Olè ni ọ́. Èyí kì í ṣe tèmi.”

Ó wọlé, ó mú tèmi jáde, etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó ní, “Ẹnìkan ti fi irin já eléyìí kí o tó gbé e wá, kò lè dúró lára ẹsẹ̀ mọ́. Mo yọ ti ara tèmi fún ọ. Torí irú èyí ni mo ṣe ra òkú mọ́tò yẹn, kí tìrẹ má baà di jákujàku.” Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó rí àgbélébùú náà. Ó wò ó títí.

Ó bi mí pé, “Torí mi ni?”

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú òróró dúdú tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, kí n dìde.

Nígbà tí mo tún gbé mọ́tò náà lọ fún àtúnṣe, ó mú mi yí i po. Ó ń nàka sí ẹyẹ, sí aago, sí rédíò, ó ń kọ wọ́n sínú ìwé ní Faransé, ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé náà kí òun tó fọwọ́ kan mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí mo fi ta mọ́tò náà. Àwọn oníbàárà yòókù á kàn ju kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Èmi nìkan ló ń fún níwèé.