Àbúrò Mi Ń Wá Àwọ̀ Kiri Ìgboro

Pẹ́ńtà ni àbúrò mi ọkùnrin. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pè é ní pẹ́ńtà lójú ẹ̀, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. "Onímọ̀ àwọ̀" lòun. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ni wọ́n bá ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni, tayọ̀tayọ̀ ló máa ń dáhùn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń kun ilé, funfun ló sì ń kùn ún. Funfun ní ọ́fíìsì, funfun nílé ìwé, funfun nílé ìyá ìyàwó ẹ̀. Onímọ̀ àwọ̀ kan ṣoṣo!

Lọ́dún yìí ni Màmá wa ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sì kán. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Màmá fi gbá títì fún ìjọba, kò sí kọ̀rọ̀ kan nígboro tí wọn ò mọ̀. Dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ, egungun ti jiná, ṣùgbọ́n Màmá kọ̀, wọn ò dìde. Nọ́ọ̀sì tó ń wá na ẹsẹ̀ fún wọn sọ ọ́ fún wa gbangba pé tí wọn ò bá gbìyànjú àtidúró kí oṣù yìí tó parí, ẹsẹ̀ yẹn á gan, kò sì ní ṣe é ṣe mọ́. A bẹ̀ wọ́n, a pariwo, mo tiẹ̀ sunkún. Màmá kàn ń wo ìta láti ojú fèrèsé ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ní òun ti rí ojútùú.

"Àǹtí, yàrá yẹn ló ń mú ọkàn Màmá rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ wo ògiri ẹ̀, ó funfun báláú!"

"Ta ló kùn ún?" mo bi í.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí. Ó ní òun máa kó àwọ̀ ìgboro wá sára ògiri fún Màmá, àwọ̀ àwọn ibi tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn gbá. Tí wọ́n bá rí i, ara wọn á yá, wọ́n á dìde. Mi ò ní parọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mo gba àyè ọjọ́ kan ní ibi ìfọṣọ tí mo ti ń lọ aṣọ, mo tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin èèyàn, ojú mi rí nǹkan lọ́jọ́ náà! Ó kó ike ọ̀dà kéékèèké mẹ́fà sínú báàgì, ó wá kó páálí lé èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá ti rí ibi tó wù ú, á dúró, á di ojú kan, á po ọ̀dà, á fi díẹ̀ kun páálí, á gbé e sún mọ́ ògiri, á wá mi orí bí àgbà. Níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ìṣẹ́jú márùnlélógójì ló lò lórí àwọ̀ ìyeyè nìkan. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jáde wá bi wá bóyá a ń wá nǹkan.

"Ìmísí ni mò ń wá," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Ẹ̀ṣọ́ ní kò sí níbí, ká lọ wò ó lódìkejì.

A tún ń lọ. Ó rí àwọ̀ aró lára ilẹ̀kùn aránbàtà, àwọ̀ ewé lára bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀, àwọ̀ eérú lára òpó iná. Oòrùn ń pa mí, bàtà ń há mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n dákun wo bí òjìji igi ṣe bọ́ sára ògiri kan. Mo wò ó. Òjìji igi ni.

Nígbà tá a dé orí afárá, níbi tí irin ti dípẹtà, ló tó dákẹ́. Ó po pupa rẹ́súrẹ́sú kan. Ó ní, "Àǹtí, ibí ni Màmá ti máa ń fẹ̀yìn ti irin tó bá rẹ̀ wọ́n." Mo rántí. Mi ò lè bú u mọ́ títí tá a fi délé.

Ọjọ́ méjì ló fi kun ògiri náà, ìlà márùn-ún gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, Màmá sì wà ní yàrá mi. Ó parí iṣẹ́ tán, ó ní bẹ́ẹ̀dì ò dáa níbi tó wà. Ó ní ẹ̀yìn ẹni tó ń wo àwọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti gbọ́dọ̀ máa bọ̀, pé báwọn ṣe ń fi iṣẹ́ han oníbàárà nìyẹn. Ó bá yí bẹ́ẹ̀dì padà, ó dojú ẹ̀ kọ ògiri, ó kẹ̀yìn ẹ̀ sí fèrèsé. Èmi náà ni mo bá a gbé e, mo tún ń kí i pé ó káre.

A gbé Màmá wọlé, a gbé wọn jókòó. Wọ́n wo ògiri pẹ́.

"Ilẹ̀kùn aránbàtà nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ìyẹn, irin afárá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fìgúnpá gún mi, gbogbo eyín ẹ̀ ló wà níta.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, Màmá."

"Irọ́ ni. Tibẹ̀ ò ṣú tó bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀dà máa ń ṣú díẹ̀ tó bá gbẹ, Màmá, ṣùgbọ́n..."

Màmá ò gbọ́ tiẹ̀. Wọ́n fẹ́ yí ọrùn wo ìta, ọrùn ò dé ibẹ̀. Wọ́n wá wo èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n lójú.

"Ṣé ẹ̀yin méjèèjì rin gbogbo ìlú já?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kò wá sẹ́ni tó rò ó pé kẹ́ ẹ gbé mi dání."

Màmá ò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ ti jókòó, ẹ ti pinnu pé mi ò ní jáde mọ́. Ẹ kun títì sílé fún mi, ẹ wá mú mi kẹ̀yìn sí èyí tó wà níta. Ṣé mo ti kú ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ ẹnu mi gbẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Màmá ò tiẹ̀ wò ó, ọ̀pá tí nọ́ọ̀sì mú wá ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ọ̀pá, wọ́n fi èkejì di èjìká mi, ìbínú gbé wọn dìde. Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń bú wa, wọ́n sì ń rìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni, kí wọ́n tó ní ká gbé àga wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri báyìí pé àwọ̀ tòun ló gbé Màmá dìde. Mi ò bá a jiyàn. Lánàá, nọ́ọ̀sì bá Màmá rìn dé ẹnu géètì. Èmi àti àbúrò mi sáré wọ bàtà ká lè tẹ̀ lé wọn. Màmá yíjú padà, wọ́n ní ká jókòó sílé ká máa wo ògiri.