Aṣọ Ìyá Àgbà Lára Òkúta Pákó

Ìyá àgbà fi ìka kan ara òkúta náà, ó dún gbó-gbó-gbó bí àpótí òfìfo. Ó tún kàn án, ó bú sẹ́rìn-ín títí ìborùn fi yọ̀ kúrò lórí rẹ̀.

"Pákó ni wọ́n kùn lọ́dà yìí! Òyìnbó ò ní pa mí."

Inú kòtò ńlá kan lẹ́bàá Lansing ní Amẹ́ríkà la wà, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Láwọn ọdún 1980 yẹn, wọ́n ya sinimá kan níbẹ̀ nípa àwọn Maya àtijọ́, àwọn tó fi òkúta kọ́ ilé gogoro sínú igbó kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n yà á tán, wọ́n ń mú èrò wo ibẹ̀ ká ní gbogbo Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ láyé ju pé kí ẹnikẹ́ni má wò wá lọ. Ìyá àgbà sì rèé, ó ń kanlẹ̀kùn lára òkè.

Kì í ṣe ìran lásán ló bá wá. Òun ló bí bàbá mi, aláró ni láti kékeré rẹ̀ ní Òṣogbo. Obìnrin tó ń wá aṣọ fún àwọn òṣèré sinimá náà rí ìró rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní West Ridge, ó sì tẹ̀ lé wa dé ilé ní Calumet City. Odindi oṣù méjì ni ìyá àgbà fi pa aṣọ wọn láró nínú dúrọ́ọ̀mù oníke lábẹ́ ilé wa. Mo máa ń jókòó tì í. Aṣọ á jáde nínú aró ní àwọ̀ ewé, omi á máa ro tó, tó, tó, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á wá máa dúdú díẹ̀díẹ̀ lójú mi. Òórùn rẹ̀ á gba orí àtẹ̀gùn gòkè wá bá wa nídìí oúnjẹ.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, the whole house is smelling," ni ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń wí. "Uniform mi ti ń rùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí shift?"

"Bọ́ ọ, kí n bá ẹ pa òun náà láró."

Wọ́n kó aṣọ lọ, ìyá àgbà wá ní òun fẹ́ rí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ òun dé. A rí i lóòótọ́. Wọ́n fi ṣe aṣọ ìkélé lára ògiri pákó kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa káàkiri dúró síwájú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún èrò. Ó ní àwọn Maya ti parẹ́ pátápátá, pé wọ́n ti gbé ọgbọ́n irú aṣọ yìí lọ sọ́run, kò tún sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé.

"Kí ló wí?" ni ìyá àgbà bi mí. Mo sọ fún un.

"Sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é. Mo wà láàyè, mo jẹun láàárọ̀ yìí."

Gbogbo èrò yíjú sí wa. "My grandma says it's very nice."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúpẹ́. Ìyá àgbà yí sí mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò gbọ́ èdè wọn, àmọ́ ó mọ náìsì.

"Náìsì? Ẹnu mi lo ti gbọ́ náìsì?"

"Grandma, ẹ jọ̀ọ́, everybody is looking at us."

"Kí wọ́n wò. Ojú ni wọ́n fi ń wò, wọn ò fi gé mi jẹ. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Wí i bí mo ṣe wí i!"

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí aṣọ náà. Aró ti wọ èékánná rẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọ̀ kan náà ni òun àti aṣọ. Ojú tì mí pé mo ti tijú rẹ̀. Mo wá wí i bó ṣe wí i gẹ́lẹ́: "She says you're lying. She made it. She's alive. She ate breakfast."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà pọ́n. Ó ní kí màmá jọ̀ọ́ má fọwọ́ kan ògiri. Ìyá àgbà ò gbọ́wọ́ kúrò.

Ni obìnrin kúkúrú kan tó gbé ọmọ dání bá ti ẹ̀yìn èrò sọ̀rọ̀: "I am Maya. From Guatemala. I ate breakfast too."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà bi mí ohun tó wí, mo sọ fún un. Ó sún díẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní ọsibítù báyìí, fún àwọn àgbà wa tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá arúgbó kan bú dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò gbọ́ràn, mo sì tú èébú náà fún un láìdín ẹyọ kan. Dókítà ní ṣé mi ò lè bá òun fi oyin sí i ni. Mo ní rárá. Mo ti fi oyin sí ọ̀rọ̀ àgbà rí lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ló kù kí n fi sin èèyàn méjì láàyè.