Ẹni Tí Mo Kúnlẹ̀ Fún Nínú Àwókù Tẹ́ḿpìlì

Òórùn àgbọn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Láràárọ̀ Sátidé ní àdúgbò wa, Crumpsall ní Manchester, kí dòdò tiwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán, àgbọn tí wọ́n ń dín nílé kejì á ti gba ojú fèrèsé wọlé. Àǹtí Nimali ló ń gbé ibẹ̀, ọmọ Sri Lanka ni wọ́n, àwọn àti ìyá mi jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì. Dilini ọmọ wọn ni ọ̀rẹ́ mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ni Àǹtí gbé abọ́ oúnjẹ gbígbóná wọlé wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú mi dání lọ sílùú àwọn nígbà họlidé. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n àwókù tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà wà lẹ́yìn ilé ìyá wọn, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo ti ń fò sókè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ìyá mi kò fò ní tiwọn. Àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ère ṣeré. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi gbàdúrà sí i. Nígbà tí wọ́n gbà, àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n bá mi ṣe: "Wo gbogbo nǹkan tó bá wù ẹ́, but o ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ níwájú ère kankan. Tí mo bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, that's the last trip." Ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn àti "ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde" ni oúnjẹ àárọ̀ ilé wa. Mo ti jẹ wọ́n yó.

Ibẹ̀ dùn, ó dùn kọjá sísọ. Ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, Dilini fà mí gba ẹ̀yìn ilé, a la oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, àfi bí òpó òkúta rẹpẹtẹ ṣe yọ sí wa, gbogbo wọn dúró láìsí òrùlé lórí. Lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, òkúta kan wà nílẹ̀ tó rí bí ìlàjì òṣùpá. Wọ́n gbẹ́ erin, ẹṣin àti pẹ́pẹ́yẹ sí i lára, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn yíká. Mo fi ìka tọ erin kọ̀ọ̀kan. Ní Manchester, gíláàsì ni wọ́n máa fi bo ohun tó bá gbó tó bẹ́ẹ̀. Níbí, èmi àti ẹ̀ jọ ń yá oòrùn kan náà ni. A ti bọ́ bàtà, ilẹ̀ sì ti gbóná, nítorí náà ṣe ni à ń fò láti ibòji kan sí èkejì, tí àwọn ọ̀bọ ń wò wá láti orí igi. Inú mi dùn débi pé mi ò lè rìn mọ́, sáré ni mò ń sá.

Eré yẹn ni mo sá yí igun ògiri kan, tí mo fi bá baba arúgbó kan tó ń gbá ewé níwájú ère Búdà ńlá kan, tí òjò ti jẹ imú rẹ̀ tán. Baba ló ń tọ́jú ibẹ̀. Wọ́n gbójú sókè wò mí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà." Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti máa kí àgbà nìyẹn. Baba rẹ́rìn-ín, wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, wọ́n sì ṣa òdòdó funfun kan nílẹ̀ fún mi. Mo gbọ́ tí kámẹ́rà Dilini dún lẹ́yìn mi. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ère àti àdéhùn ìyá mi.

Nígbà tí a padà dé, Àǹtí Nimali tẹ àwọn fótò náà jáde, wọ́n fi ta ìyá mi lọ́rẹ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lójijì ẹ̀rín dá. Wọ́n pè mí. Dilini kò mọ fótò yà. Ó ti gé baba dànù. Èmi ló kù lórí ìkúnlẹ̀, èmi àti ère.

"Kí ni mo bá ẹ sọ kó o tó lọ?"

Mo ti ń sunkún. Mo ní baba kan ni mò ń kí.

"Baba wo? Mi ò rí baba kankan níbí o."

Wọ́n gbé fótò náà lọ sójú fèrèsé, wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi èékánná kan etí rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ kan àti ìdí ìgbálẹ̀ kan ti yọ díẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo kọjú sí. Ẹ̀gbẹ́ ni ère wà.

"Ta ló lẹsẹ̀ yìí?"

"Baba tó ń gbálẹ̀ ni, Mummy."

"Ṣé o kí wọn dáadáa?"

Mo ní mo kí wọn. Wọ́n fi fótò náà sínú férémù, wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ti máa rí i. Ẹni tó bá ti fajú ro, ìyá mi á gbé e sún mọ́ ọn: "Àgbà lọmọ mi ń kí. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílùú yìí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Lóṣù tó kọjá, èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń lọ jẹun ní Rusholme, mo sì pàdé ìyá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, bí ẹni tí bàtà ń há. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. Nígbà tí mo dé ilé ìyá mi, mo gbé fótò náà wò. Ọmọ yẹn kò wo ẹ̀yìn kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. Èmi kọ́kọ́ wò bóyá àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò mí.